Bí ọkùnrin ṣe lè fá irùngbọ̀n láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ lé kókó

Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà àti Arákalẹ̀ nílùú Àkúrẹ́, títí dé àwọn tó wà ládùúgbò Yaba nílùú Oǹdó, kì í ṣófo. Àwọn tó ń lọ sóde àríyá wà níbẹ̀, àwọn tó ń múra ilé ìjọsìn náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe irun orí nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá wá, wọ́n tún fẹ́ kí irùngbọ̀n àwọn dán. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀fun ẹlòmíràn á ti máa yún un, kókó wẹ́wẹ́ á sì ti kún àgbọ̀n rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé abẹ onígbàjámọ̀ ni kò mọ́. Lóòótọ́, abẹ tó dọ̀tí léwu, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ohun tó ń fa kókó yìí. Irun gan-an ló ń fà á. Irun adúláwọ̀ kì í sábà yọ gbọọrọ, ṣe ló máa ń ká. Bí abẹ bá gé irun tó ká, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó bá tún ń hù, á tẹ orí ba, á sì gún awọ wọlé padà. Èyí tí wọ́n bá gé jù, tí ẹnu rẹ̀ rì sínú awọ, kò tilẹ̀ ní í yọ síta rárá kó tó gún ẹ̀gbẹ́ ihò tó ti fẹ́ jáde. Bí ara ṣe ń bá ẹ̀gún jà náà ló ń bá irun yìí jà. Ìjà ọ̀hún ló ń di kókó, tó ń yún ni, tó sì máa ń gba ọyún nígbà mìíràn. Pseudofolliculitis barbae ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Èyí fi hàn pé bí ojú bá ṣe dán tó lónìí ni wàhálà rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó lọ́la.

Ìṣòro yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan, kódà ó ti dé ilé ẹjọ́ rí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1993, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan dájọ́ pé òfin tí ilé iṣẹ́ pizza kan ṣe, pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dá irùngbọ̀n sí, ń ni àwọn adúláwọ̀ lára ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé àwọn ni kókó yìí ń yọ lẹ́nu jù. Lọ́dún náà, ilé ẹjọ́ mìíràn dá ìlú Atlanta láre lórí ọ̀rọ̀ àwọn panápaná, nítorí pé ìbòjú tí wọ́n fi ń mí nínú èéfín gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú típẹ́típẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe?

Ẹni tí kókó ti yọ sí lójú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú fífi abẹ fá a fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí irun bá ṣe ń gùn ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tó gún awọ á máa fúnra rẹ̀ yọ síta. Kò gbọdọ̀ fà á tu, kò sì gbọdọ̀ fún kókó náà.

Lẹ́yìn èyí, kílípà ló dára jù lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kó má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fá awọ kodoro, kí irun tó tó mìlímítà kan ṣẹ́kù. Ìwọ̀nba díẹ̀ yìí kò ní í lè tẹ̀ padà wọnú awọ.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà kí irun kankan kù lójú lè lo abẹ, ṣùgbọ́n kó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ rin irun náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó lè rọ̀. Kó lo abẹ tuntun olójú kan, nítorí pé nínú abẹ olójú púpọ̀, ojú àkọ́kọ́ á fa irun sókè, èkejì á gé e, èyí tó kù á sì sún padà sábẹ́ awọ. Ibi tí irun dojú kọ ni kó fá a sí. Kó má na awọ, kó má sì fá ojú kan náà léraléra. Bó bá ṣe tán, kó fi omi tútù ṣan án. Kó yẹra fún sípírítì, ó máa ń ta awọ, ó sì máa ń gbẹ ẹ́.

Pọ́dà tí wọ́n fi ń yọ irùngbọ̀n wà lọ́jà pẹ̀lú. Kì í gé irun, ṣe ló ń yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ẹnu irun kì í fi í mú. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó lágbára ni. Kí èèyàn kọ́kọ́ dán an wò ní apá, kó má kọjá àkókò tí wọ́n kọ sára agolo, kó má sì fi kan ojú egbò.

Ìpara tí oògùn steroid wà nínú rẹ̀, tí àwọn kan ń rà láìbi dókítà, lè pa yíyún lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó pẹ́, ó lè sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì lè fa ròrẹ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ abẹ àjùmọ̀lò

Fífá ojú lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí èèyàn kò ní í rí. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè lára irinṣẹ́ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Nítorí náà, abẹ tuntun ló yẹ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Kí onígbàjámọ̀ gbọn irun kúrò lẹ́nu kílípà, kó fi sípírítì fọ̀ ọ́, kó sì jẹ́ kó gbẹ. Èyí tó fọkàn balẹ̀ jù ni kí oníbàárà mú kílípà tirẹ̀ dání.

Bí kókó bá le, tó ń tóbi sí i, tàbí tó ń ṣọyún lágbọ̀n tàbí lẹ́yìn ọrùn, kí ó di ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí àpá rẹ̀ lè di èyí tí kò ní í lọ mọ́. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ ló ni ojú rẹ̀, òun náà ló sì yẹ kó la ẹnu sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fá a kodoro, ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀.”