Ìtúnhù àdánidá igbó spruce

Ìtúnhù àdánidá igbó spruce lẹ́yìn gígé àlàfo kékeré jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú igbó kan. Nínú rẹ̀, wọ́n máa ń gé gbogbo igi orí ilẹ̀ kékeré kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì jẹ́ kí hóró tó ń já bọ́ láti ara àwọn igi àyíká hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀, láìgbin ọmọ igi kankan. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí spruce ti Yúróòpù, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Picea abies. Ó wà lára àwọn igi tó ṣe pàtàkì jùlọ fún pákó àti bébà ní Fínlándì, Swídìn, Nọ́rwèy àti Jámánì.

Ìtàn

Ní ọdún 1886, Karl Gayer, onímọ̀ ìtọ́jú igbó ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde tó fi gbèjà igbó alónírúurú igi àti ìtúnhù ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Síbẹ̀, ní ọ̀rúndún ogún, gígé igbó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà àti títún un gbìn ló gbilẹ̀ ní àríwá Yúróòpù. Ní Fínlándì, àtúnṣe Òfin Igbó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014 fàyè gba títọ́jú igbó láìpa á run tán lẹ́ẹ̀kan. Lábẹ́ ètò yìí, àlàfo tí wọ́n bá gé kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 0.3 lọ.

Bí hóró ṣe ń dé ilẹ̀

Hóró spruce kéré, ó sì ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ. Inú kóònù ló ti ń gbó nígbà ìkórè, ṣùgbọ́n ìparí ìgbà òtútù àti ìgbà ìrúwé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń já bọ́. Bí àlàfo hẹ́kítà 0.3 bá rí róbótó, àárín rẹ̀ kò jìnnà ju nǹkan bíi mítà 31 sí etí igbó. Nítorí náà, hóró lè dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Àmọ́ spruce kì í so dáadáa lọ́dọọdún, hóró rẹ̀ kì í sì í pẹ́ nínú ilẹ̀ kó tó bàjẹ́. Bí ọdún tí igi kò so bá tẹ̀lé gígé, koríko lè gba ilẹ̀ náà kí hóró tó dé.

Ìhù àti ìdàgbà

Hóró máa ń hù dáadáa níbi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ tí ó sì tutù, àti lórí ìtì igi tó ti ń jẹrà. Spruce lè fara da ìbòòji. Nítorí èyí, àwọn ọmọ igi tó ti wà lábẹ́ igi ńlá kí wọ́n tó gé e sábà máa ń là, wọn a sì yára dàgbà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bí ẹ̀rọ agégi kò bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn tó sún mọ́ etí àlàfo máa ń lọ́ra, nítorí pé gbòǹgbò igi ńlá ń bá wọn du omi àti oúnjẹ.

Àwọn ewu

Òtútù ìgbà ìrúwé lè pa ẹ̀ka tuntun lórí ilẹ̀ gbalasa. Igbó tó yí àlàfo kékeré ká máa ń dín ewu yìí kù. Kòkòrò Hylobius abietis máa ń jẹ èèpo ọmọ igi. Gbòǹgbò spruce kì í jìn nínú ilẹ̀, nítorí náà ìjì lè wó àwọn igi etí àlàfo. Kòkòrò Ips typographus máa ń pọ̀ sí i lábẹ́ èèpo àwọn igi tó wó, ó sì lè ti ibẹ̀ kọlu àwọn tó ṣì dúró, ìyẹn àwọn igi tí hóró ti ń wá.

Ìfiwéra pẹ̀lú gbígbìn

Ìtúnhù àdánidá kò ná owó púpọ̀, ó sì ń pa ìran igi àdúgbò mọ́. Gbígbìn ní tirẹ̀ máa ń yá, ó sì ń jẹ́ kí igi tò dọ́gba. Níbi tí ilẹ̀ bá lọ́ràá gan-an tí koríko sì pọ̀, àwọn olùtọ́jú igbó lè gbin ọmọ igi sí àyè tó ṣófo.