Aṣọ Obìnrin Lẹ́nu Iṣẹ́: Láti Abẹ́òkúta dé Abuja

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn kan náà ni wọ́n tún sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ìtàn aṣọ obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ti dé ilẹ̀ Yorùbá.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu aṣọ. Aláró kì í wọ aṣọ ìmúròde lọ sídìí ìkòkò aró. Alájàpá a sì máa ró aṣọ rẹ̀ gírígírí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró tí ó padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, sọ gáùn di àmì ọmọbìnrin tí ó kàwé. Ìró àti bùbá wá di aṣọ ará ọjà.

Inú ẹ̀kọ́ gáùn yìí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dàgbà sí. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Ilé-ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta gbà ní 1914. Ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà ní 1922, ó sì di olùkọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí ó ń darí ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, tí ó sì di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946, ìró, bùbá àti gèlè ni ó mú ní aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Owó-orí ni àwọn obìnrin náà ń bá jà. Bí aṣọ bá sì ti pín wọn sí méjì, ohùn wọn kò lè ṣọ̀kan. Ní 1947 wọ́n kóra jọ síwájú ààfin. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Ladapo Ademola fi ìtẹ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ padà sórí rẹ̀ ní 1950.

Ní kóòtù, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó di agbẹjọ́rò, ní 1933, bá aṣọ tí wọ́n dá fún ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu iṣẹ́: ẹ̀wù dúdú àti irun àtọwọ́dá tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe. Irun yìí náà ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2017. Wọn kò gba Amasa Firdaus, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, sínú ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò nítorí pé ó kọ̀ láti ṣí híjáàbù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2018, wọ́n gbà á wọlé tòun ti híjáàbù.

Ọ̀kan bọ́ ohun tí wọ́n ní kí ó wọ̀. Èkejì kọ̀ láti bọ́ ohun tí wọ́n ní kí ó bọ́. Ìdí wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn méjèèjì fi hàn pé àdéhùn ni ohun tí wọ́n ń pè ní aṣọ tí ó yẹ iṣẹ́. Ìmọ̀ òfin kò sí nínú irun ẹṣin, ẹ̀kọ́ kò sì sí nínú gáùn. Ohun tí ó sì jẹ́ àdéhùn, àwọn tí ó ń wọ̀ ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá sí i.

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lónìí, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún ìró àti bùbá. Aṣọ tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi dúró níwájú ààfin ti di aṣọ ìparí ọ̀sẹ̀.