Ta ló ju bọ́ọ̀lù náà, ọmọ ni àbí ẹ̀rọ? Ìtàn òfin ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Tí èèyàn bá ti Cocody kọjá nílùú Abidjan, tó kọrí sí ìlà oòrùn, Bingerville ni yóò dé. Láti ọdún 1900 sí 1934, ìlú yìí ni olú ìlú Côte d'Ivoire lábẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé. Orúkọ Louis-Gustave Binger, gómìnà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́. Lónìí, ààfin gómìnà ti di ilé àwọn ọmọ òrukàn, ìlú náà sì ti di ìlú ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ológun EMPT wà, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Mamie Faitai. Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀èdè náà, kàwé ní Bingerville kó tó lọ sí Senegal.

Àwọn Yorùbá tó ń gbé Abidjan, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anago, kì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, èdè Faransé sì ni àwọn ọmọ wọn fi ń kàwé. Tí ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, kì í ṣe wáyà tàbí bátìrì ni yóò kọ́kọ́ kojú. Ìwé òfin ìdíje ni. Ìbéèrè kan ló sì wà nídìí òfin náà: nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ta ló jù ú, ọmọ ni àbí ẹ̀rọ?

Ìdáhùn Amẹ́ríkà àti ti Faransé kò bára mu.

Àpótí kan náà fún gbogbo ọmọ

Ní àwọn ọdún 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Woodie Flowers sọ iṣẹ́ kíláàsì di ìdíje. Àpótí kan náà, tó kún fún oríṣiríṣi pàǹtí àti ẹ̀yà ẹ̀rọ, ni wọ́n ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó bá wà nínú àpótí ni kí o fi ṣe ẹ̀rọ rẹ. Lójú tèmi, òfin yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn yìí, torí pé kò sí ọmọ tó lè fi owó bàbá rẹ̀ ra ẹ̀yà tó dára ju ti ẹnìkejì lọ. Ní ọdún 1987, ìdíje mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní MIT kan náà, tí wọ́n ń pè ní 6.270, níbi tí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ti ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn.

Ní 1989, Dean Kamen dá àjọ FIRST sílẹ̀, Flowers sì bá a ṣe é. Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní New Hampshire ní 1992. Ikọ̀ 28 ló kópa, bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni wọ́n ń kó jọ lórí pápá tí wọ́n da àgbàdo sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló di ẹ̀rọ ìdarí mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìfọwọ́kàn

Ọdún 2003 ni FIRST kọ́kọ́ sọ pé kí àwọn ọmọ gbé ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí rọ́bọ́ọ̀tì máa dá ṣe. Àmọ́ ìdíje ọdún 2006, tí wọ́n pè ní Aim High, ló jẹ́ kí ojú ogbó. Bọ́ọ̀lù fóòmù ni wọ́n ń jù. Tó bá wọ àárín gbùngbùn lókè, àmì 3. Tó bá wọ ihò ìsàlẹ̀ ní igun, àmì 1. Ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan, ẹgbẹ́ tó bá sì borí níbẹ̀ gba àmì 10 sí i. Bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ jáde pẹ̀lú eré tó ju mítà 12 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má ba à ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè dà bí nǹkan kékeré. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Táyà tó ń yí kíákíá ló sábà máa ń ti bọ́ọ̀lù jáde. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, eré táyà á dínkù, bọ́ọ̀lù á sì já sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Ọmọ tó ń darí ẹ̀rọ á rí i, á sún mọ́ iwájú. Ẹ̀rọ tó dá wà kò ní mọ̀, àfi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú kóòdù rẹ̀ pé kó máa ka iye ìgbà tí táyà ń yí. Iná gbọ̀ngàn náà ńkọ́? Kámẹ́rà tó dá àmì mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ lè má dá a mọ̀ mọ́ lábẹ́ iná pápá ìdíje.

Ó wá ya ni lẹ́nu pé ní 2012, nígbà tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n bí ti básíkẹ́ẹ̀tì, FIRST gba àwọn ọmọ láyè láti máa juwọ́ sí rọ́bọ́ọ̀tì nípasẹ̀ kámẹ́rà Kinect ní sáà tó yẹ kó dá ṣiṣẹ́. Òfin tó ní kí ọwọ́ kúrò tún dá ọwọ́ padà.

Ti Faransé le jù

Ní Faransé, kò sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti 1994 tí Coupe de France de Robotique ti bẹ̀rẹ̀ ní La Ferté-Bernard, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń dá ṣe gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fa okùn kékeré kan yọ, ó parí nìyẹn: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣẹ́jú àáyá 90 ni ẹ̀rọ fi ń rìn, tí á wá bọ́ọ̀lù, tí kò sì gbọdọ̀ kọ lu ẹ̀rọ alátakò. Bọ́tìnì pupa ńlá gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n lè pa á bó bá ya wèrè. Ní 1998, Eurobot gbé òfin náà dé àwọn orílẹ̀èdè mìíràn. Ní 2004, eré rọ́gíbì pẹ̀lú "àgbọn" ni wọ́n ṣe.

Òfin yìí le, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, rọ́bọ́ọ̀tì náà sì kéré. Ní ti FIRST, owó ìforúkọsílẹ̀ ikọ̀ kan nìkan fún ìdíje àgbà ti tó ẹgbẹ̀rún dọ́là márùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ mélòó ni Ẹ̀jìgbò tàbí Bingerville ló lè san án?

Owó, àti físà

Ohun tí àwọn ará Áfíríkà kọ́kọ́ bá jà nìyẹn. Ní 2012, àjọ AFRON, tí Ayorkor Korsah ti Yunifásítì Ashesi ní Ghana àti Ken Goldberg ti Berkeley dá sílẹ̀, gbé ìdíje kan kalẹ̀: ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀kọ́ tí kò ní ju dọ́là 10 lọ. Èyí tó gba oyè, Lollybot, jẹ́ dọ́là 8.96. Rìmóòtù géèmù àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é, súìtì onígi méjì sì ni wọ́n fi mú kó dúró déédéé. Ní 2016, Sidy Ndao, ọmọ Senegal tó jẹ́ olùkọ́ ní Nebraska, ṣe ìdíje PARC àkọ́kọ́ ní Dakar fún àwọn ọmọ Áfíríkà.

Ní 2017, FIRST Global pe gbogbo àgbáyé sí Washington, ó sì fi irú àpótí kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo orílẹ̀èdè, bíi ti Flowers gẹ́lẹ́. Bọ́ọ̀lù ló dúró fún omi tó mọ́ àti ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀ láti fún àwọn ọmọ Gambia àti àwọn ọmọbìnrin Afghanistan ní físà. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó fún wọn. Àpótí ti dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹnu ibodè kò dọ́gba.

Nínú ìdíje Robofest ní Michigan, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń dá ṣiṣẹ́ látòkèdélẹ̀, wọ́n sì máa ń fi apá kan iṣẹ́ náà pamọ́ títí di ọjọ́ ìdíje, kí àgbàlagbà má ba à ti kọ kóòdù náà sílẹ̀ fún ọmọ nílé. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2019, àwọn ọmọbìnrin Mamfe Methodist Girls láti Ghana ló gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé níbẹ̀.