Bí iná bá lọ lójijì: bí a ṣe ń gba fáìlì padà lórí serveur ilé

Ẹ̀yin ará wa ní Idigny, ní Kétu àti ní gbogbo agbègbè Plateau, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu nìkan. Ní abúlé wa níbí, olùkọ́ ń pa máàkì àwọn ọmọ mọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ ń pa ìṣirò owó mọ́ síbẹ̀, ìdílé sì ń kó fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìnáwó òkú àgbà sí i. Ọjọ́ tí iná bá lọ lójijì tí ẹ̀rọ kò sì jí mọ́, ọjọ́ yẹn la máa ń mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kọ́ ló wọ́n, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà rí. Ní àsìkò òjò kan, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Serveur kékeré tó wà nílé wa ń tan ara rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò jí mọ́. Ohùn ìyá àgbà kan tó pa àlọ́ fún wa wà nínú rẹ̀. Ìyá náà ti lọ, kò sì sí ẹ̀dà ohùn náà níbòmíràn. Ohun tí a kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn la kó jọ síhìn-ín. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó ṣe àtúnṣe.

Kí ni serveur ilé?

Ẹ̀rọ kan ni tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo ilé tàbí gbogbo ilé ìwé sójú kan, tí àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù yòókù ń gba Wi-Fi tàbí okùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ àpótí tí wọ́n ń pè ní NAS. Ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a fi Linux sí. Ó sì lè jẹ́ Raspberry Pi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí a so disque dur mọ́. Tọ̀sán tòru ló máa ń wà ní títàn. Ìdí nìyẹn tí iná tó bá lọ fi máa ń bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Kí ni iná tó lọ ń bà jẹ́?

Kọ̀ǹpútà kì í kọ gbogbo nǹkan sórí dísìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú mémoire ló kọ́kọ́ ń kó o sí, bí akọ̀wé ìpàdé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé pélébé kó tó dà á kọ sínú ìwé ńlá. Bí iná bá lọ, ìwé pélébé yẹn ti fò lọ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé àárín gbùngbùn ìkọ̀wé ló ti lọ, ojú ìwé kan nínú ìwé ńlá lè dàrú.

Àwọn ètò ìpamọ́ òde òní, bíi ext4 tí Linux ti ń lò láti 2008 àti NTFS ti Windows, ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní journal. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Bí iná bá dé, wọ́n á ka journal, wọ́n á sì tún ibi tó dàrú tò. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ẹ má gbójú lé e jù: journal ń dáàbò bo ètò dísìkì, kò lè dá ọ̀rọ̀ tí kò tíì kúrò nínú mémoire padà.

Ewu kejì wà nínú iná tó ń padà bọ̀. Nígbà míì ó máa ń dé pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí ẹ̀rọ lè gbà. Kì í ṣe abúlé nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní May 2017, iná já ní ibùdó kọ̀ǹpútà British Airways nítòsí London. Iná tó padà wọlé láìsí ètò ló ba ẹ̀rọ jẹ́, ìrìn àjò èèyàn bíi 75,000 sì dojú rú.

Ní tiwa, iná tó ń dé ilé wa ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Láti 1968 ni Benin àti Togo ti jọ dá CEB sílẹ̀ láti máa wá iná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Omi ìdídò Nangbéto ní Togo ti wà láti 1987. Iná ń ti Nàìjíríà gba Sakété wọlé. Ilé iṣẹ́ iná Maria-Gléta, tó lágbára 127 MW, bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ti oòrùn ní Illoulofin lẹ́bàá Pobè sì bẹ̀rẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú 25 MW. Ìlọsíwájú ni. Ṣùgbọ́n igi kan tó bá wó lu okùn, tàbí àrá kan tó bá sán, ó tó láti pa iná lé wa lórí. Ẹ jẹ́ ká kúkú gbà pé yóò lọ, ká sì mọ ohun tí a ó ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yọ ọ́ lára iná

Gẹ́rẹ́ tí iná bá ti lọ, ẹ fa serveur yọ kúrò lára prise. Bí òjò àti àrá bá wà níbẹ̀, ẹ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì náà, nítorí àrá mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. Bí iná bá dé, ẹ má sáré. Àwa máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó ki prise bọ̀ ọ́. Ká ní a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, à bá má kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kékeré

Ọ̀pọ̀ ìgbà, fáìlì kò sọ nù rárá. Routeur náà pa, ó sì tan padà, ó fún serveur ní àdírẹ́sì tuntun, kọ̀ǹpútà yín sì ń wá a níbi tí kò sí mọ́. Ẹ wọ ojú ewé routeur, kí ẹ wo àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ báyìí.

Bí ẹ̀rọ kò bá tàn rárá, ẹ dán chargeur míì wò, èyí tí volt rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu gẹ́lẹ́. Chargeur ló máa ń kọ́kọ́ kú, dísìkì a sì wà láàyè. Bí ẹ̀rọ bá tàn ṣùgbọ́n tí ọjọ́ orí rẹ̀ padà sí àtijọ́, bátìrì róbótó inú rẹ̀ ló ti kú, CR2032 ni orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Tí Raspberry Pi bá sì ni, ẹ fura sí káàdì SD: ó lè jẹ́ òun ló bàjẹ́, kí dísìkì tí fáìlì wà má ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fetí sílẹ̀

Ẹ gbé etí sún mọ́ dísìkì nígbà tó bá ń tàn. Tó bá ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá ń dún kà, kà, kà, tàbí tó ń ha bí ẹni ń ha ìkòkò, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbá a, ẹ má tú u, ẹ má gbé e sínú firigo bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Irú dísìkì bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ tó ń gba fáìlì padà ni ibi tó yẹ ẹ́, owó ibẹ̀ kò sì kéré. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tàn, ẹ̀ ń dín ohun tí wọ́n lè rí gbà kù ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má tẹ «Formater»

Ibí yìí la ti fẹ́ẹ̀ ṣìnà. A yọ dísìkì serveur wa, a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ wa kan tó ń lo Windows. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀: ó ní àfi ká formater dísìkì náà ká tó lè lò ó. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa ti wà lórí rẹ̀ kí a tó pariwo.

Ẹ gbọ́ o: Windows fúnra rẹ̀ kò mọ ext4 kà. Bí dísìkì Linux bá wà ní àlàáfíà pátápátá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa sọ. Kò ní kí dísìkì ti bàjẹ́. Èdè rẹ̀ ni Windows kò gbọ́. Ẹ tẹ «Annuler», kí ẹ lọ wá kọ̀ǹpútà Linux. Bí kò bá sí, ẹ fi SystemRescue sórí clé USB. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ tí a ó dárúkọ nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bi dísìkì nípa ìlera rẹ̀

Ẹ tẹ `lsblk` láti mọ orúkọ dísìkì náà. Ká ní sdb ni, ẹ tẹ:

`smartctl -a /dev/sdb`

Ẹ wo Reallocated_Sector_Ct, Current_Pending_Sector àti Offline_Uncorrectable. Bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn ní iwájú wọn bá jẹ́ òdo, ara rẹ̀ lè le. Bó bá ju òdo lọ, tó sì ń pọ̀ sí i, dísìkì ti ń kú lọ. Bó bá jẹ́ UDMA_CRC_Error_Count ló ń pọ̀, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn tó so ó mọ́ ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣe ẹ̀dà

Ẹ wá dísìkì míì tó tóbi ju èyí tó ń ṣàìsàn lọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ FAT32, nítorí FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB. Ẹ dúró sórí dísìkì tó le yẹn, kí ẹ tẹ:

`ddrescue -d /dev/sdb1 disque.img disque.map`

Èyí tó ń ṣàìsàn ló ń síwájú, ẹ̀dà ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Entrée. Ddrescue á kọ́kọ́ kó ibi tó rọrùn, á sì fi ibi tó le sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Èyí tó tún wá bá tiwa mu jù ni disque.map: ibẹ̀ ló ń kọ ibi tó dé sí. Nígbà tí a ń ṣe tiwa, iná tún lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ yẹn. A kàn tún ọ̀rọ̀ kan náà tẹ̀ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fi í sí.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wá ṣe àtúnṣe, lórí ẹ̀dà

Ẹ kọ́kọ́ wò ó láìfọwọ́ kàn án:

`e2fsck -fn disque.img`

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `e2fsck -f disque.img` láti tún un ṣe. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá sọ nù, ẹ lọ wá a nínú àpò lost+found. Fún dísìkì Windows, chkdsk ni irinṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ òun náà kò gbọdọ̀ kan ojúlówó kí ẹ̀dà tó wà.

Bí ètò dísìkì bá ti túká, TestDisk àti PhotoRec wà, iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Christophe Grenier. TestDisk ń wá ìpín dísìkì tó sọ nù. PhotoRec ń ṣa fọ́tò, ohùn àti ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í rántí orúkọ tí ẹ sọ wọ́n. Ẹ múra sùúrù sílẹ̀.

Bí serveur bá ní dísìkì méjì

Àwọn míì ní dísìkì méjì tó ń kọ ohun kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní RAID 1. Lẹ́yìn tí iná bá lọ, ó lè máa fi ọ̀kan wé èkejì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. `cat /proc/mdstat` á sọ ibi tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ yọ wọ́n, ẹ fi nọ́ńbà sí wọn lára kí wọ́n má bàa pààrọ̀ ipò. Ẹ sì má lo `mdadm --create` láti fi jí wọn, `--assemble` ni. Ẹ rántí pé RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ yóò kúrò lórí méjèèjì, àrá tó bá sì sán, kò ní mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀.

Kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀

Onduleur ni àkọ́kọ́. Kò ní kó gbé ilé títí di àárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí serveur máa fi pa ara rẹ̀ dáadáa ti tó. Ẹ so ó mọ́ serveur pẹ̀lú okùn USB, kí ẹ fi NUT sí i, kí pípa náà má dúró de èèyàn. Bátìrì onduleur máa ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ooru sì ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Ẹni tí kò lówó onduleur lè fi laptop àtijọ́ ṣe serveur: bátìrì rẹ̀ ti jẹ́ onduleur fúnra rẹ̀. Bí bátìrì náà bá wú, kí ẹ yọ ọ́ kíákíá.

Ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ sọ fún un pé kó má tan ara rẹ̀ bí iná bá dé. Òun ló pa tiwa.

Ìkẹyìn ni ẹ̀dà mẹ́ta: lórí oríṣi nǹkan ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé míì. Ní March 10, 2021, iná jó ibùdó OVH ní Strasbourg. Àwọn kan tí ẹ̀dà wọn wà nínú ilé kan náà pàdánù gbogbo rẹ̀. Kí ẹ sì máa dán ẹ̀dà wò. Ní January 2017, GitLab pa dátà ara rẹ̀ rẹ́ ní àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n yíjú sí oríṣiríṣi ẹ̀dà tí wọ́n ní, ọ̀pọ̀ kò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sì sọ nù. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò rí, ẹ má tíì kà á mọ́ ẹ̀dà.

Ní tiwa, àlọ́ ìyá àgbà padà bọ̀ sípò, àfi ọ̀kan tó gé láàárín. Ìjàpá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé àna rẹ̀, ohùn ìyá sì dákẹ́ síbẹ̀. A mọ ìparí ìtàn náà bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n, àmọ́ a kò mọ bí òun ṣe máa ń parí rẹ̀. Ẹ̀dà ohùn náà wà níbi mẹ́ta báyìí. Bí ẹ bá ní èyí tí kò sí níbòmíràn nílé yín, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí, nígbà tí iná ṣì wà.