Òfin Ikú Tó Pẹ́ Kó Tó Kú

Ẹ̀yin ará wa ní Bantè àti Savalou, ẹ̀yin ti Pira, Gouka, Akpassi, Doumè àti Tchetti, títí kan ẹ̀yin tó wà ní òdìkejì ààlà. Ọ̀rọ̀ ikú la gbé wá lónìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu yín níbì kan, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ìjọba ló pa yín lẹ́rìn-ín, kì í ṣe àwa.

Ní ọjọ́ kan, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. A dé abala 15, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ikú. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè, ó ní: "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, bí ìjọba ò bá lè pa apànìyàn mọ́, ta ló wá fún àwọn ará ọjà láṣẹ láti sun olè?" Kíláàsì dákẹ́. Àwa náà dákẹ́. Agogo ló gbà wá lọ́jọ́ náà. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí ni ìdáhùn tí a jẹ ọmọ náà.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa mọ ìdájọ́ ikú. A ò ní purọ́ pé ayé ìdáríjì ni ayé àtijọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojúbọ Ògún kan wà tí wọ́n ń pè ní Mògún, níbi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí ẹni tí ẹjọ́ ikú bá dá lé lórí. Òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀: Orí yéye ní Mògún, t'àìṣẹ̀ ló pọ̀. Ẹ tẹ́tí sí òwe yẹn dáadáa. Kò ní olè kò sí. Kò ní apànìyàn kò sí. Ohun tó sọ ni pé nínú gbogbo orí tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ti aláìṣẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn baba wa kò dé yunifásítì kan kí wọ́n tó mọ̀ pé onídàájọ́ lè ṣì í ṣe.

Wọ́n tún mọ ohun mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dé fìlà ló lè pàṣẹ ikú. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, baálẹ̀ ìlú kékeré kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ikú gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọba. Ní Abomey, tí ogun rẹ̀ dá àwọn baba wa lágara ní agbègbè yìí, ọba nìkan ló ni àṣẹ ẹ̀mí. Àwọn ọba yẹn le, wọ́n rorò. Síbẹ̀ wọn ò fi ọ̀bẹ lé èrò ọjà lọ́wọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Béhanzin fi ara rẹ̀ lé Faransé lọ́wọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1894. Faransé kó ìwé wá. Òfin ìjìyà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe nígbà Napoléon, ní 1810, ni. Àṣẹ ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1877 ló gbé e wọ Senegal, ó sì ti ibẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Code Bouvenet ni àwọn amòfin wa ń pè é. Ikú wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, a yí àsíá padà. Ní 1975, a yí orúkọ ilẹ̀ wa padà kúrò ní Dàhòmì. Ìwé yẹn ò yí padà.

Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé, Victor Hugo ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Ní 1829, ó tẹ ìwé kan jáde láti fi bá ìdájọ́ ikú jà. Àwọn ará ìlú rẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn ò yára: ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1981 ni wọ́n fòpin sí i, nígbà tí Robert Badinter jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́. Ọdún 152 ni wọ́n fi ronú sí i. Faransé wá bọ́ aṣọ náà jù sílẹ̀. Àwa tí wọ́n wọ aṣọ náà fún, a ṣì ń fọ̀ ọ́, a ń lọ̀ ọ́, títí di ọdún 2018.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin kan tí òfin yìí dá lẹ́jọ́. Émile Derlin Zinsou, ọmọ Ouidah, jẹ́ ààrẹ Dàhòmì láti 1968 sí 1969, kí àwọn ológun tó lé e. Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972. Ní ìgbà Ìyípadà náà, ilé ẹjọ́ dá Zinsou lẹ́jọ́ ikú nígbà tí òun alára wà ní ìgbèkùn. Ká ní ọwọ́ bà á ni, ìtàn rẹ̀ ìbá parí sí ẹ̀yìn ògiri bárékè kan. Ọwọ́ ò bà á. Nígbà tí Àpérò Gbogbogbò pé ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló jókòó gẹ́gẹ́ bí alága, Zinsou sì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kà mọ́ òkú wá ń bá wọn gbèrò bí ìlú yóò ṣe yè.

Ìjọba Ìyípadà tó dá a lẹ́jọ́ kú, Zinsou wà láàyè. Kérékou fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, Zinsou wà láàyè. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́jọ́ ikú mọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, Zinsou gbọ́ ọ. Oṣù keje ọdún náà ló tó kú, ọmọ ọdún 98. A sin òfin ikú ṣáájú ẹni tó fẹ́ pa.

A rẹ́rìn-ín, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ọwọ́ bà. Ní 1987 ni ìjọba yìnbọn pa ẹlẹ́jọ́ ikú ìkẹyìn. Àwa ò ju ọmọdé lọ nígbà náà. Láti ọdún yẹn, ìbọn dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ò dákẹ́. Òfin Ìpìlẹ̀ tó jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 ní gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Code Bouvenet ní a lè pa ènìyàn. Àwọn méjèèjì ń gbé inú ilé kan náà bí orogún tí kì í kí ara wọn.

Ẹ wá wo bí àwọn olóṣèlú wa ṣe pa òfin ikú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2011, Ilé Aṣòfin gbà kí Bẹ̀nẹ̀ wọ inú àdéhùn àgbáyé tó fòpin sí ìdájọ́ ikú. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba Boni Yayi fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Oṣù kẹjọ ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ rí i pé òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, tí àwọn aṣòfin kan náà ṣe, ṣì ń dárúkọ ikú. Ó ní kí wọ́n lọ yọ ọ́. Ọdún 2016, ilé ẹjọ́ náà tún sọ ọ́ kí ó lè yé gbogbo ènìyàn. Oṣù kẹfà ọdún 2018, wọ́n dìbò fún òfin ìjìyà tuntun, Code Bouvenet lọ sinmi. Oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n kọ ọ́ sínú Òfin Ìpìlẹ̀ gan-an. Ọdún mẹ́jọ! Ká ní owó oṣù tiwọn ni wọ́n ń dìbò lé lórí, ọ̀sán kan ì bá tó.

Ẹ̀rín tán níbí. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, ọkùnrin 14 wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Akpro-Missérété, nítòsí Àjàṣẹ́. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ 10, ọmọ Nàìjíríà 2, ọmọ Côte d'Ivoire 2. A ti dá wọn lẹ́jọ́ ikú láti nǹkan bí ogún ọdún. Ìjọba ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé pé òun ò ní pa ènìyàn mọ́, kò sì sí ẹni tó yí ìdájọ́ wọn padà. Wọn ò kú, a ò sì kà wọ́n mọ́ alààyè. Oṣù kejì ọdún 2018 ni ìjọba Patrice Talon tó sọ ìdájọ́ wọn di ẹ̀wọ̀n gbére. A ò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Àwọn tí èèyàn wọn kú ṣì ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n gbére kì í ṣe ìtúsílẹ̀: bí ẹ̀rí tuntun bá yọ lọ́la, a ṣì lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ta ló lè ṣí sàréè?

Àwa tí a wà ní ẹnu ààlà mọ ohun tí òfin jẹ́. Ẹni tó bá gba Tchetti wọ Tógò, wọ́n ti fòpin sí ìdájọ́ ikú níbẹ̀ láti 2009. Ẹni tó bá kọjá sí Nàìjíríà, ó ṣì wà nínú òfin wọn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun wọn ṣòfin ní 1970 pé kí a máa yìnbọn pa adigunjalè. Ní 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní gbangba ní Bar Beach l'Ékòó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì lọ wòran. Ṣé olè tán? Ní 1986, ọdún 15 lẹ́yìn náà, Lawrence Anini àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá ìlú Bìní. Wọ́n yìnbọn pa òun náà ní 1987. Àwọn mìíràn tún dìde. Ìbọn pa olè, kò pa olè jíjà.

Èyí ló mú wa padà sí ìbéèrè ọmọ yẹn. Ní 1999, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa, ní ìhà Couffo, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Colonel Dévi kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n ń mú àwọn tí wọ́n bá fura sí, wọ́n ń sun wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́ fún un. A mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí wọ́n jí alùpùpù rẹ̀, tí ẹjọ́ rẹ̀ sùn sórí tábìlì ẹnì kan fún ọdún mẹ́ta, inú rẹ̀ ò lè dùn sí adájọ́. Ìbínú yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n òwe wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èrò ọjà kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan rárá. Ẹnìkan á pariwo "Olè!", ẹnìkejì á gbé táyà, ẹnìkẹta á bu kpayo sí i, ẹnìkẹrin á sì máa fi fóònù ya àwòrán. Kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, ẹjọ́ ti tán. Ọba Abomey gan-an kì í yára tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a sọ fún ọmọ náà rèé: Kò sí ẹni tó fún ọjà láṣẹ. Àṣẹ tí ìjọba fi ọdún mẹ́jọ gbé sílẹ̀, kì í ṣe pé ó jù ú sójú títì kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i mú un. A ti sìnkú rẹ̀. Bí wọ́n bá mú olè ní àdúgbò yín, ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ pe olóyè àdúgbò, ẹ dúró ti ẹni náà títí wọn yóò fi dé. Bí ilé ẹjọ́ bá ń fi ẹjọ́ falẹ̀, iwájú ilé ẹjọ́ ni kí ẹ lọ pariwo, kì í ṣe lórí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Mògún kò sí mọ́ nínú òfin ilẹ̀ wa. Kí a má ṣe tún un kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ire o.