Ọmọ Ńlá Kì Í Ṣe Ìròyìn Ayọ̀ Nígbà Gbogbo: Ohun Tó Ń Pinnu Ìwọ̀n Ọmọ Tí Aláboyún Bá Ní Àtọ̀gbẹ

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí àkọ́bí ẹ̀, kílò 4.6 ni ọmọ náà. Gbogbo ilé ń yọ̀: "Ọmọ yìí ti jẹun dáadáa o!" Àṣé èjìká ọmọ há nígbà ìrọbí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sì já wálẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó yẹ ṣúgà ẹ̀gbọ́n mi wò ní gbogbo oṣù tó fi lóyún. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni àtọ̀gbẹ inú oyún?

Àtọ̀gbẹ tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára obìnrin nígbà tó wà nínú oyún ni. Ibi ọmọ, èyí tó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde, ń tú àwọn èròjà kan tí kì í jẹ́ kí insulin ìyá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tí ara ìyá ò bá lè pèsè insulin sí i, ṣúgà á ga.

Báwo ló ṣe ń sọ ọmọ di ńlá?

Jørgen Pedersen, dókítà ará Denmark, ló ṣàlàyé ẹ̀ láwọn ọdún 1950. Ṣúgà ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, àmọ́ insulin ìyá kì í kọjá. Ọmọ á wá máa ṣe insulin tiẹ̀ lọ́pọ̀, ìyẹn ló ń mú kí ọ̀rá kún ara ẹ̀, pàápàá ní èjìká àti ikùn. Tí wọ́n bá ti gé ìwọ́, ṣúgà ìyá dúró, insulin ọmọ ò tíì dúró. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà ọmọ fi ń já wálẹ̀.

Ìwádìí HAPO tó jáde lọ́dún 2008, tó kan àwọn aláboyún tó lé ní 23,000 ní orílẹ̀-èdè 9, fi hàn pé bí ṣúgà ṣe ń gòkè ni ìwọ̀n ọmọ ń gòkè, kódà kó tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ.

Kì í ṣe ṣúgà nìkan

- Bí ìyá ṣe sanra tó kó tó lóyún.
- Kílò tó fi kún un nínú oyún.
- Bóyá ó ti bí ọmọ ńlá rí.
- Iye ọ̀sẹ̀ tí oyún lò. Ọmọkùnrin sì máa ń wúwo ju ọmọbìnrin lọ díẹ̀.
- Ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ní tiwọn máa ń jẹ́ kí ọmọ kéré. Torí náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ alátọ̀gbẹ ló ń tóbi.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Wọ́n á fún yín ní glucose gíráàmù 75 mu. Tó bá jẹ́ 92 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó jẹun, 180 lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí 153 lẹ́yìn wákàtí méjì, ọ̀kan péré ti tó láti pè é ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi mọ́ọ̀tì àti mínírà sílẹ̀, ẹ máa rìn. Ẹ má febi pa ara yín o. Tí ìyẹn ò bá tó, dókítà á fi insulin tàbí oògùn kún un.

Ẹ̀gbọ́n mi tètè ṣe àyẹ̀wò nínú oyún kejì. Kílò 3.4 lọmọ náà. Ẹnikẹ́ni ò pariwo pé ọmọ tóbi, àmọ́ tìyá-tọmọ ló padà sílé lọ́jọ́ kejì láìsí wàhálà.