Ìlú Tó Sọnù? Ta Ló Sọ Ọ́ Nù?

Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò àtẹ̀gùn òkúta yẹn sórí Instagram lẹ ti ń bi mí pé ibo nìyẹn, kí ni mo sì wá débẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lónìí. Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ bàtà àti báàgì, torí ìtàn ibẹ̀ ló ká mi lára jù.

Ní Santa Marta, ìlú kan létí òkun ní àríwá orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, orúkọ kan náà ló wà lára pátákó gbogbo àwọn tó ń mú àlejò wọ igbó: Ciudad Perdida. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìlú Tó Sọnù. Èèyàn ò lè dá lọ. Àfi kẹ́ ẹ kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú amọ̀nà tó níwèé àṣẹ. Àwa mọ́kànlá la jọ lọ, ọjọ́ mẹ́rin sì ni àlọ àtàbọ̀. Ìbaaka ló ń ru oúnjẹ wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, fóònù wa di tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà lásán. Òkè la gùn títí, a la odò Buritaca kọjá, a sì ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta la kan àtẹ̀gùn náà: nǹkan bí 1,200 òkúta, ó ga, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ kan ló sì gbà lórí òmíràn. Ẹ gùn ún tán kẹ́ ẹ tó rí pèpéle òkúta róbótó-róbótó lórí gegele òkè, òmíràn lókè òmíràn. 169 ni wọ́n sọ pé wọ́n kà.

Àwọn Tairona ló kọ́ ìlú yìí, ní nǹkan bí ọdún 800. Igi àti koríko ni wọ́n fi kọ́ ilé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé pèpéle ilé nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò omi! Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò eré, síbẹ̀ wọ́n to òkúta náà débi tí omi fi ń ṣàn lọ láìwó ilẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ́ omi òjò ní Èkó rí kò ní fojú kéré iṣẹ́ yẹn.

Ọdún 1525 làwọn ará Sípéènì tẹ Santa Marta dó. Wúrà ni wọ́n ń wá. Ogun, àìsàn àti ìmúnisìn tẹ̀lé e fún ọdún tó lé ní àádọ́rin. Lọ́dún 1599, àwọn Tairona dìde gbẹ̀yìn lábẹ́ olórí kan tó ń jẹ́ Cuchacique. Wọ́n mú un, wọ́n pa á, wọ́n sì dáná sun àwọn ìlú. Àwọn tó kù sá gòkè lọ, igbó sì bo ìlú wọn.

Ìwé ìtàn a wá fò láti ibẹ̀ dé 1972, nígbà táwọn kan tó ń hú sàréè kiri láti wá wúrà rí àtẹ̀gùn náà. Wọ́n rí wúrà gidi. Nígbà tí ère wúrà àti ìkòkò àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jà, àwọn tó ń hú sàréè pọ̀ sí i, wọ́n ń jà, wọ́n sì para wọn níbẹ̀. Ọ̀run àpáàdì aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1976 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ìjọba dé. Ìgbà yẹn ni ayé gbọ́ pé wọ́n ti “rí” ìlú tó sọnù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí nìyí. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó sá gòkè ṣì wà níbẹ̀ títí dòní: Kogi, Wiwa, Arhuaco àti Kankuamo. Amọ̀nà wa, ọmọ Wiwa, sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ kejì pé àwọn àgbà wọn ń lọ síbẹ̀ ṣe ètùtù kí ẹnikẹ́ni tó “rí” i. Teyuna ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mọ ibẹ̀, wọ́n kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àṣírí tú.

Àwọn Kogi máa ń sọ pé àwọn ni ẹ̀gbọ́n, gbogbo àwa yòókù láyé ni àbúrò. Nígbà tí amọ̀nà sọ ọ́, àwọn òyìnbó tó wà nínú ikọ̀ wa rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni gbọ́ ìtàn àlọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ́. Ṣé àbúrò á wọ yàrá ẹ̀gbọ́n, á kó ẹrù inú rẹ̀, á wá jáde síta kéde pé òun rí yàrá tó sọnù? Orúkọ yẹn kì í ṣe eré. Ohun tó bá ti “sọnù” kò lólúwa mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín. Bẹ́ẹ̀, lójú àwọn Kogi, wúrà kì í ṣe owó. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá tó bí ayé ni, inú ilẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Lónìí, wúrà Tairona wà nínú gíláàsì ní Museo del Oro ní Bogotá. Ó rẹwà, mi ò parọ́.

Ìyà míì tún jẹ wọ́n lẹ́yìn wúrà. Igbó kan náà ni wọ́n ti gbin igbó mímu, lẹ́yìn náà koka tí wọ́n fi ń ṣe kokéènì, bẹ́ẹ̀ àdó kékeré àti ewé koka jíjẹ làwọn ọkùnrin Kogi mọ̀ tiwọn. Àwọn ológun oríṣiríṣi tẹ̀lé e wá. Ní September 2003, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ELN jí àlejò mẹ́jọ gbé lórí òkè yìí. Ọ̀kan sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì di December kí wọ́n tó tú àwọn tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ọdún 2005 ni àlejò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Nísinsìnyí, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń ṣe amọ̀nà, àwọn kan nínú wọn ló ni ibi tí àlejò ń sùn. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ Kogi nínú aṣọ funfun, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Tó bá ní rárá, ẹ fi fóònù sápò.

Ẹ má sì fi ìrìn yín sí September. Lọ́dọọdún nínú oṣù yẹn, àwọn mamo, ìyẹn àwọn àgbà tó ń bójú tó ètùtù, máa ń ti Teyuna pa kí wọ́n lè wẹ ilẹ̀ náà mọ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀ gbogbo wa. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó lè ṣí i.